Ẹ Dúró sí Èkó Lọ́dún Yìí

Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bínú? Mi ò bínú. Ohùn mi ló máa ń lọ sókè bí mo bá ń bá ẹni tí mo fẹ́ràn sọ̀rọ̀, o sì ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Jókòó dáadáa, gbé fóònù náà súnmọ́ etí, kí o sì pe àwọn àbúrò rẹ kí wọ́n wá gbọ́, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo yín.

Mo gbọ́ pé ẹ ti dá owó ọkọ̀ jọ. Mo gbọ́ pé ẹ ti bá dírẹ́bà kan sọ ọ́ ní Òjọ́tà, pé odindi bọ́ọ̀sì ni yóò kó yín, pé nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú lọ́jọ́ Àlàmísì ẹ ó ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde, kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀, 31 oṣù Keje, ọdún 2020, tí í ṣe ọjọ́ Iléyá, lè mọ́ bá yín nílé. Àbúrò rẹ obìnrin ló tú àṣírí yín. Má bá a jà, inú rẹ̀ ló dùn jù tó fi sọ ọ́. Ìyá wa àgbà náà ti gbọ́. Láti àná ni wọ́n ti ń pàṣẹ: ẹ gbọn ẹní, ẹ sá tìmùtìmù, ẹ lọ wá ewùrà tó dára, torí ìkọ́kọrẹ́ ni ọmọ mi máa kọ́kọ́ bèèrè. Èmi ni wọ́n sì ń rán. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ta ni yóò sọ fún ìyá yìí pé èmi ni mi ò ní jẹ́ kí ẹ wá?

Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Ẹ má wá. Ẹ dúró sí Èkó lọ́dún yìí.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ìjọba ti ṣí ọ̀nà. Lóòótọ́, láti 1 oṣù Keje ni wọ́n ti gbà kí ọkọ̀ máa ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí èkejì, bí kò bá ṣáà ti bọ́ sí àkókò tí wọ́n fòfin de ìrìn lóru. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o kàwé jù mí lọ, bá mi ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti Èkó pa, 30 oṣù Kẹta, àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn kòrónà yìí ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 150. Ẹ̀rù bà wá nígbà yẹn. Nígbà tó kan àwa náà ní Ògùn, a ṣe kónílé-ó-gbélé. A ò lọ síbi ìsìnkú, a ò lọ síbi ìkómọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi òru ṣọ́ títì nítorí olè, a sì fara dà á. Lónìí, iye wọn ti lé ní 40,000, Èkó tí ẹ wà yìí ló sì pọ̀ sí jù lọ. Ṣé nígbà tí àrùn kéré la sá fún un, nígbà tó wá di ńlá la fẹ́ gbé e wọ bọ́ọ̀sì? Ebi ló jẹ́ kí ìjọba ṣí ọ̀nà. Ó yẹ kí iṣu Ṣakí dé ọjà Mile 12, kí alápatà rí màlúù pa, kí ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ rí i wá. Ẹni tí kò lè ṣe kó má lọ ni ọ̀nà ṣí fún. Ìwọ lè ṣe kó o má lọ. Ọdún ni o fẹ́ wá ṣe.

Ara rẹ le, o wí, o kò húkọ́, ara rẹ ò gbóná. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, mo sì ń fi àdúrà tì í lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó burú nínú àrùn yìí gan-an nìyẹn. Ó lè wà lára ọ̀dọ́ kó má fi hàn rárá. Ó sì lè tó ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ènìyàn kó o kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ara náà tó gbóná, onítọ̀hún ti lè máa fi í ran ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ tó ń sọ, nínú ẹ̀rín tó ń rín, nínú orin tó ń kọ. Rántí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Òyìnbó ará Ítálì kan sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó ní oṣù Kejì, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti yí padà. 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fi hàn. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí i lára ẹnì kan tí wọ́n jọ pàdé. Ọkùnrin yẹn kò wá ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló bá wá. Ẹni tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀ àgbà kò gbèrò ibi, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àrùn kì í bèèrè èrò ọkàn ẹni kó tó gun ọkọ̀.

Wo bọ́ọ̀sì yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ máa ti fèrèsé, torí òjò oṣù Keje kò mọ ọjọ́ ọdún. Ẹ máa kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàfò àti Mòwé, níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe, kí ẹ tó yà ní Ṣágámù. Kí ẹ tó débẹ̀, oníkálukú á ti fa ìbòmú sábẹ́ àgbọ̀n. Ẹnì kan á máa pín gúgúrú, ẹnì kan á dá orin ọdún, àwọn tó kù á máa gbè é. Mo mọ̀ yín, èmi ni mo kọ́ yín lórin náà. Nígbà tí ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ dì mọ́?

Ìyá wa ti kọjá ẹni 80 ọdún. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Èmi ni mò ń ka oògùn wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi ni mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ń jí lóru. Àwọn àgbàlagbà ni àrùn yìí ń pa jù, pàápàá àwọn tí irú àìsàn méjèèjì yìí bá wà lára wọn. Bó bá mú ọ, bóyá ìwọ á kàn fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ oúnjẹ tí kò dùn lẹ́nu, tí o kò gbóòórùn rẹ̀, kí o sì dìde. Bó bá mú ìyá wa, tí èémí wọn ń já, níbo la máa gbé wọn gbà lọ́jọ́ ọdún? Kò sí ẹnì kan nínú yín tó fẹ́ ká dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà ní Èkó.

Ẹ má sì rò pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1918, ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀fìnkìn líle tí gbogbo ayé ń pè ní ti Sípéènì ń jà káàkiri, ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ èbúté Èkó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé dé ojúlé láti wá àwọn aláìsàn, ọ̀pọ̀ ará Èkó kó ẹrù wọn, wọ́n sá kúrò nílùú. Rélùwéè gbé àrùn náà dé Abẹ́òkúta, ó gbé e dé Ìbàdàn, ó gbé e kọjá lọ sí Òkè Ọya. Àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n pé àwọn tó kú ní Nàìjíríà súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù láàárín oṣù mélòó kan péré, nígbà tí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí kò tíì tó mílíọ̀nù 20. Ààbò ni wọ́n ń wá o. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó, torí kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn sá tọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ nígbà ìpọ́njú. Ohun tí ọkàn gbogbo wa máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Àwọn yẹn kò mọ bí ó ṣe ń ràn. Ẹ̀yin mọ̀. Ó wà nínú fóònù yín, ó wà nínú rédíò, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbohùngbohùn polongo rẹ̀ kiri àdúgbò. Ẹni tó mọ̀ kò ní àwáwí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ má fi ẹ̀sìn bò mí lẹ́nu pẹ̀lú. Mo gbọ́ tí àbúrò rẹ ọkùnrin ń sọ pé ohun tí Ọlọ́hun bá ti kọ kò ní yẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Kó lọ bi ààfáà rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Sàìdínà Úmárù ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Ó ti rìn jìnnà nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tó bá a rìn, ẹnu wọn kò kò. Àwọn àgbààgbà Kùréṣì ni ohùn wọn ṣọ̀kan: wọ́n ní kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Abú Úbáídà, tó wà lára àwọn tó wá sọ fún un, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó dáhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun lòun ti ń kúrò, inú kádàrá Ọlọ́hun náà lòun sì ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Awf dé, Abdur-Rahman, ó sì sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a: ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wà níta má wọ̀ ọ́, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Ẹ fi etí sí apá kejì yẹn. Èkó ni ẹ wà.

Mẹ́kà ń kọ́? Lọ́dún tó kọjá, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ṣe Hájì. Lọ́dún yìí, Sáúdí Arébíà ti kéde pé àwọn tó ti wà nínú orílẹ̀-èdè wọn nìkan ló máa ṣe é, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Mo mọ àwọn arúgbó ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí tí wọ́n ti ń tu owó Hájì jọ láti ìgbà tí o wà ní pírámárì. Wọ́n jókòó sílé wọn, wọ́n ń ṣe tèsùbáà. Kò sí èyí tó gba bọ́ọ̀sì.

Àárò ọdún ń sọ èmi náà. Ẹ má rò pé mo gbàgbé. Ẹ ti gbọ́ pé ayẹyẹ Ojúde Ọba kò ní wáyé. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹjọ, iwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba wa, máa dá páropáro. A ò ní rí Bọ́bagbìmọ̀, a ò ní rí Gbọ́baníyì, a ò ní rí Bọ́bakẹ́yẹ, kí ẹgbẹ́ régbérégbé kọ̀ọ̀kan tó ń kó àwọn ojúgbà jọ máa jó wọlé nínú aṣọ òkè tirẹ̀, kí ìlù máa gbà á lọ́wọ́ ìlù. A ò ní gbúròó ẹṣin ilé Balógun Kúkù àti ti àwọn ilé Balógun yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i, ẹ rántí bí eruku ṣe máa ń sọ, bí ẹṣin á ṣe dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ẹni tó gùn ún á tẹrí ba fún Kábíyèsí láìfọwọ́ kan ohunkóhun, tí ìbọn á dún gbàmù, tí àwọn ọmọdé á dì mọ́ ìdí ìyá wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí ẹgbẹ́ tiwa bá dé iwájú, tí gbogbo wa á kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ á dún wàá. Àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá á fi èjìká kan ara wọn, ìjà á sì parí síbẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn tí a ti ń rí irú ìyẹn. Ọpẹ́ ni ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ìlú ló ń lọ kí ọba lẹ́yìn Iléyá pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, onígbàgbọ́ ń bọ̀, oníṣẹ̀ṣe ń bọ̀, àwọn ọmọ wa ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bọ̀. Àwọn ti ìlú òyìnbó kò tilẹ̀ lè wá lọ́dún yìí bí wọ́n bá fẹ́, torí pápákọ̀ òfurufú wa kò tíì gba èrò láti òkè òkun.

Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, pé ẹni ọdún 86 ní oṣù Karùn-ún. Wọ́n pé ọdún 60 lórí oyè ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè péjọ bá wọn yọ̀. Ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí ti ìyá wa tó wà ní yàrá kejì yìí. Bí gbogbo Ìjẹ̀bú bá lè gbà pé àwọn ò ní kó èrò lọ bá baba ẹni ọdún 86, kí ló dé tí ẹ̀yin fẹ́ kó èrò bọ́ọ̀sì kan wá bá ìyá tiyín?

Ẹ gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù, tí ẹ kò sì rò. Àwọn kan wà tí ọdún yìí ló ń bọ́ wọn. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè. Télọ̀. Àwọn onílù. Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin, torí ẹṣin ò mọ̀ pé kòrónà dé, ó ní láti jẹun. Àwọn onífọ́tò, àwọn tó ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ìyá tó ń ta ọ̀jọ̀jọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ààfin. Obìnrin tó máa ń wé gèlè fún wa wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò bèèrè owó. Ó kàn jókòó, ó ń fọwọ́ tẹ́ gèlè tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, bí ẹni tó ń ṣe é kí ọwọ́ má gbàgbé. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ó máa ń ti ìdájí dúró títí oòrùn á fi kan àtàrí. Owó yẹn ló fi ń san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, tí ẹ ti ya owó ìnáwó sọ́tọ̀, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Màá fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ẹ má pè é ní sàráà o, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ ní àsansílẹ̀ owó gèlè ọdún tó ń bọ̀ ni. Dírẹ́bà Òjọ́tà yẹn náà, bó bá ti ná lára owó tí ẹ san, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ìlú pa.

Ní ti àgbò, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, mo ti rà á, ó dára. Alápatà kan ṣoṣo ló máa wọ àgbàlá, kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò bí ti tẹ́lẹ̀. A máa di ẹran sínú ọ̀rá, a ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò àti àwọn opó tí ìyá wa máa ń fún. Ìpín tiyín, mo máa dín in gbẹ dáadáa, màá sì tọ́jú rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ṣì wà ní títì ní Èkó, ó wà ní títì lọ́dọ̀ wa náà, nítorí náà ẹ kírun Yídì nínú ilé yín. Ìwọ lo dàgbà jù níbẹ̀, ìwọ ni kó o ṣíwájú wọn. Tó o bá ti gbàgbé iye kábàrá rẹ̀, bèèrè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Mo fẹ́ kéèyàn kan gbọ́ èyí dáadáa, ìyẹn ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fóònù yẹn. Ẹni tó dúró sí Èkó, tó wá pe ogójì ọ̀rẹ́ jọ sí Sùúrùlérè láti jẹ ẹran ọdún, kò dúró sí ibì kankan. Àwọn ogójì yẹn ní ìyá. Ẹ jẹun láàárín ara yín. Ẹ gbé tiwọn fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ kí wọn kú ọdún, ẹ padà sílé. Ìbòmú náà, imú ló wà fún, kì í ṣe àgbọ̀n.

Ìyá wa nìkan ló kù. Mo ti rò ó títí. Wọn kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí náà ẹ má fi àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ kú ọdún sí ránṣẹ́, kí ẹ wá rò pé ẹ ti kí wọn. Ẹ pè wọ́n lórí fídíò. Ẹ ra dátà tó máa tó. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni kí ẹ pè, nígbà yẹn wọ́n á ti sùn díẹ̀, màá sì gbé wọn síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára. Ẹ wọ aṣọ ọdún yín, torí wọ́n máa bèèrè. Ẹ má sọ̀rọ̀ papọ̀, etí wọn ò gbà á. Kí ọ̀kan sọ tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, níwájú fóònù náà, kí wọ́n rí i. Wọ́n á ṣàdúrà, ó máa gùn, ẹ máa ṣe àmín títí dé òpin. Wọ́n sì máa sunkún. Ẹ má sọ pé nẹ́tíwọọ̀kì ń ṣe ségesège kí ẹ fi sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún tán lójú yín, torí àwọn náà ti ń retí yín láti oṣù Kẹta.

Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ Jímọ̀. Alẹ́ òní ni kó o pè wọ́n, ìwọ gan-an, kó o sọ fún wọn pé ẹ kò ní wá. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé èmi ni mo lé ọmọ wọn, wọn ò sì ní jẹun lọ́la. Tí ìwọ bá sọ ọ́, tó o ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ yìí, wọ́n á bínú, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bi ọ́ pé ṣé o jẹun. Mo ti mọ̀ wọ́n. Wọn kì í sùn kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Tó o bá pè wọ́n tán, tẹ̀ mí láago.